Ìtàn Modchip: Bí Wọ́n Ṣe Pa Lẹ́ẹ̀dì Tì, tí Pánẹ́ẹ̀lì Kò sì Yé Bàjẹ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ti wà kí ẹ̀rọ géèmù tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òde òní tó bá a mu bí iṣẹ́ fífi modchip sínú ẹ̀rọ géèmù kò pọ̀. Modchip ni ṣíìpù kékeré tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kò fi síbẹ̀, tí ẹlòmíràn wá so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ náà lè gba síìdì tàbí géèmù tí wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kí ó kọ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn oníṣẹ́ ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ yìí láìlo irin gbígbóná àti lẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rí ọ̀nà náà. Síbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kò yé kú mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni ilé géèmù ti di òwò ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré nílẹ̀ wa. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n kan, PlayStation kan tàbí méjì, àti jẹnẹrétọ̀ tó mọ níwọ̀n, ó lè dá òwò sílẹ̀ ní ojúlé rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa sanwó fún ìdíje bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú bí Atosin, tí ó wà lára àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nísàlẹ̀ àwọn àpáta tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, òwò tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbé ró kò ní àgbàbọ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá jó, Àkúrẹ́ tàbí Èkó ni ó ti rọrùn láti rí irú rẹ̀, owó rẹ̀ sì lè sún mọ́ owó odindi ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó tú ẹ̀rọ náà ni oúnjẹ ilé kan wà.

Ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Sony. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 ni ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò fẹ́ da síìdì kọ. Wọ́n fi àmì kan pamọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ síìdì kọ̀ọ̀kan, àmì tí ẹ̀rọ ìdàkọ inú kọ̀ǹpútà kò lè dà kọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni àmì náà: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Bí ẹ̀rọ bá ka síìdì, tí kò rí lẹ́tà agbègbè tirẹ̀, kò ní ṣí géèmù náà.

Ohun tí modchip àkọ́kọ́ ń ṣe kò ju pé ó ń sọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn sí ẹ̀rọ létí lọ. Ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ péré ni, wáyà díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Síìdì ìbáà jẹ́ àdàkọ, ìbáà jẹ́ ojúlówó tí ẹnìkan rà ní agbègbè mìíràn, ẹ̀rọ yóò gbà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni modchip ti ní ojú méjì yìí. Ó ran olè lọ́wọ́, ó sì ran ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ojúlówó síìdì lọ́wọ́, ẹni tí ààlà agbègbè ìbá dí lọ́nà.

Ojú kejì yìí kan Nàìjíríà gan-an. Ẹ̀rọ géèmù tó pọ̀ jù lọ́jà wa nígbà náà jẹ́ Tòkunbọ̀. Àwọn kan ti London wá, àwọn kan ti Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn ti Japan. Gbogbo wọn pàdé ní Ọjà Alábà ní Òjọ́ àti ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹni tó ra ẹ̀rọ Amẹ́ríkà lè ra síìdì Yúróòpù láìmọ̀, kí méjèèjì má sì gba ara wọn. Modchip ni ó ń parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kejì kò ṣeé fi pamọ́: ọjà síìdì àdàkọ gbilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ tó ń dáàbò bo Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ní Nàìjíríà fi gbé ètò pàtàkì kan kalẹ̀ ní ọdún 2005 láti gbógun ti ìdàkọ fíìmù, orin àti ìwé, tí Alábà sì wà lára àwọn ibi tí ojú wọn wà.

Ní ayé PlayStation àkọ́kọ́, iná ni ọ̀tá pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn ojú-ọ̀nà bàbà tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín bí irun, gọ́ọ̀mù ni ó sì mú wọn mọ́ ara rẹ̀. Bí irin gbígbóná bá pẹ́ jù lójú kan, gọ́ọ̀mù náà yóò rọ̀, bàbà yóò sì ṣí kúrò bí èèpo iṣu. Bí ojú bàbà bá ti ṣí, kò sí bí a ṣe lè dá a padà bó ti wà tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ yóò ní láti fa wáyà gba ibòmíràn, bí ó bá mọ ibi tí ojú-ọ̀nà náà ń lọ. Lẹ́ẹ̀dì tó kán sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ṣíìpù méjì náà tó láti so ohun tí kò yẹ kó pàdé pọ̀.

Ìṣòro náà di ńlá nígbà tí PlayStation 2 dé ní oṣù Kẹta ọdún 2000. Ẹ̀rọ tó tà jù lọ nínú gbogbo ẹ̀rọ géèmù láyé nìyí, òun náà sì ni ó gbé ilé géèmù ró nílẹ̀ wa ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára modchip rẹ̀ gba wáyà tó lé ní ogún, ibi tí wọ́n sì ń so wọ́n mọ́ kéré gan-an. Àṣìṣe lójú wáyà kan ṣoṣo tó láti jó fíúùsì tàbí ṣíìpù tó ń darí mọ́tò síìdì. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ti wá pé, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí a kò ní fi irin gbígbóná kan pánẹ́ẹ̀lì?

Xbox ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Microsoft gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Ní ọdún 2002, Andrew Huang, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí bunnie, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, tú ẹ̀rọ náà, ó sì rí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí Microsoft fi pamọ́ sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fi rí i pé Microsoft ti gbàgbé ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Ojú kan wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, tó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ìlà méjì, tí ilé-iṣẹ́ ń lò láti yẹ ẹ̀rọ wò. LPC ni wọ́n ń pè é. Bí Xbox kò bá rí ìtọ́ni ìbẹ̀rẹ̀ nínú ṣíìpù tirẹ̀, ojú yìí ni yóò yíjú sí láti wá a.

Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe modchip tí kò nílò lẹ́ẹ̀dì. Wọ́n to abẹ́rẹ́ onísípíríǹgì sórí pákó kékeré kan, kí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sójú ihò tirẹ̀, síkúrù kan sì ń di gbogbo rẹ̀ mú mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò tíì mú irin gbígbóná rí lè fi í sínú ẹ̀rọ láàárín wákàtí kan. Ní ọjà, wọ́n pè é ní iṣẹ́ tí kò léwu.

Ewu rẹ̀ kò tán, ó kàn pààrọ̀ ibùgbé ni. Iná ń jó bàbà. Síkúrù ń tẹ pánẹ́ẹ̀lì. Abẹ́rẹ́ tí kò fara kan ojú bàbà dáadáa máa ń mú kí ẹ̀rọ tàn lónìí, kí ó kọ̀ lọ́la. Oníṣẹ́ tó rí èyí yóò tún síkúrù dè. Bí ó bá ti ń dè é ni pánẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀, títí tí ojú-ọ̀nà bàbà kan nínú rẹ̀ yóò fi ya níbi tí ojú kò lè rí, tàbí tí lẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ ṣíìpù ńlá kan yóò fi sán. Bí pákó náà bá sì yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń gbé iná yóò bọ́ sójú tí kò gbé iná rí. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ti tó láti pa á.

Microsoft náà kò sùn. Nínú Xbox tó jáde ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ náà gé díẹ̀ nínú àwọn ojú-ọ̀nà tó lọ sí LPC. Àwọn ihò náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò gbabẹ̀ kọjá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ modchip ní láti tún àwọn ojú-ọ̀nà náà fà pẹ̀lú wáyà àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti yàtọ̀ yóò máa de síkúrù títí, yóò máa rò pé abẹ́rẹ́ ni kò kàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú-ọ̀nà ni kò sí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ẹni tí kò mọ irú pánẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Irú eré ọmọ ẹyẹ àti ọdẹ yìí tún ṣẹlẹ̀ lórí Wii tí Nintendo gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Níbẹ̀, wọ́n ṣe ohun kan tó rí bí ẹnu, tó ń gbá ẹsẹ̀ ṣíìpù inú awakọ̀ síìdì mú láìsí lẹ́ẹ̀dì. Nintendo gé díẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ṣíìpù náà kúrú nínú àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, kí ẹnu náà má bàa rí ohun tí yóò gbá mú. Àwọn tó fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé tẹ ẹsẹ̀ ṣíìpù yòókù títí wọ́n fi fara kan ara wọn, tàbí tí wọ́n fi ṣẹ́ kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì.

Láàárín àkókò kan náà ni àwọn mìíràn ti ń wá ọ̀nà tí kò ní sí ìdí láti tú ẹ̀rọ rárá. Ní nǹkan bí ọdún 2008, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Free McBoot jáde fún PlayStation 2. Inú káàdì ìpamọ́ lásán ni ó ń gbé. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n rí àléébù nínú ọ̀nà tí géèmù kan lórí Wii ń gbà ka ohun tí ẹni tó ń ta á ti fi pamọ́, àléébù náà sì di ilẹ̀kùn. Fún ọ̀pọ̀ ilé géèmù, ìyẹn ni ó gba pánẹ́ẹ̀lì là jù lọ. Pánẹ́ẹ̀lì tí a kò tú, a kò lè ṣẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n modchip kò parẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Kate Temkin kéde àléébù kan nínú ṣíìpù Nintendo Switch, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò nípa síso ojú irin méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn kan lo àgékù wáyà tí a fi ń di ìwé pọ̀ láti so wọ́n, wọ́n sì tẹ ojú irin wẹ́wẹ́ náà wọ́, tàbí kí wọ́n so èyí tí kò yẹ. Kí ọdún náà tó parí, Nintendo ti ń ta ẹ̀rọ tí kò ní àléébù yìí. Ní ọdún 2020, modchip mìíràn dé, tó ń fi iná daamu ṣíìpù ẹ̀rọ ní kété tó bá ń jí. Èyí nílò lẹ́ẹ̀dì lórí ohun tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí Switch olójú OLED jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ojú kan tí modchip nílò wà lábẹ́ ṣíìpù ìpamọ́ pátápátá. Àwọn kan gbé ṣíìpù náà kúrò pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Àwọn kan gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì gan-an títí wọ́n fi kan ojú-ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó sá fún lẹ́ẹ̀dì ṣe abala tín-ín-rín kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ṣíìpù, kí etí rẹ̀ lè kan bíńtín lẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí ó bá ha èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí tó bá sún díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ náà kò ní jí mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí: ọ̀nà tí kò ní lẹ́ẹ̀dì ti wá léwu ju ọ̀nà tó ní lẹ́ẹ̀dì lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́.

Bí a bá wo gbogbo ìtàn yìí pọ̀, ikú pánẹ́ẹ̀lì lọ́nà tí kò ní lẹ́ẹ̀dì kò ju mẹ́rin lọ: iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ, ìdọ̀tí tó wà lójú bàbà, ohun tó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àti agbára tó pọ̀ jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdènà tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ sì ti fi àdánù kọ́ wọn.

Iná ni ti àkọ́kọ́. A óò yọ wáyà iná kúrò pátápátá, a óò sì tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́kù lè tán. Bí ẹ̀rọ bá ní bátìrì, bí i Switch, a óò yọ ẹnu bátìrì náà kí a tó kan ohunkóhun. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí aṣọ máa ń ta ni lára bí a bá ń bọ́ ọ, iná kékeré yẹn kan náà lè pa ṣíìpù láìsí ariwo. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀, kò sì ní jókòó sórí rọ́gì tàbí aṣọ onírun.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìmọ́tótó. Ojú bàbà tó ti dúdú kò ní gba abẹ́rẹ́. Owú díẹ̀ àti sípíríìtì tó mọ́ ni a fi ń nù ún, kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe ìwé líle tí a fi ń họ irin. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń de síkúrù léraléra ìbá ti bọ́ nínú wàhálà bí wọ́n bá ti fi ìṣẹ́jú méjì nu ojú bàbà.

Ẹ̀kẹta ni ìtòdọ́gba. A óò mọ irú pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ náà ní, nítorí pé ìta rẹ̀ lè bára mu kí inú yàtọ̀. A óò wá ojú àkọ́kọ́, a óò fi awò amúǹkantóbi wò ó, a óò sì fi mítà wọn àárín ojú iná àti ojú ilẹ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ. Bí mítà bá dún níbi tí kò yẹ kó ti dún, a óò tú u, a óò tún un tò. Mítà tó dún kò tíì pa nǹkan kan. Iná tí a tàn láìwọ̀n ni ó ń pa á.

Agbára ni ìkẹyìn, òun náà ni ó sì burú jù. Síkúrù tó ti kan ìsàlẹ̀ ti tó; bí a bá tún yí i, a kò di nǹkan kan mú mọ́, pánẹ́ẹ̀lì ni a ń ṣẹ́. Okùn pẹlẹbẹ tó wọ inú ẹnu rẹ̀ ní ìdè tí a gbọ́dọ̀ ṣí kí a tó fà á. Ohun tó bá ní kí a lo agbára, ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan wà tí a kò tíì rí.

Ọ̀kan tún wà tí kì í ṣe ti modchip, tó sì pa ẹ̀rọ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Iná Japan jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa sì ju 220 lọ. Oníṣẹ́ lè fi sùúrù ṣe gbogbo iṣẹ́, kí ó wá fi ẹ̀rọ Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà sínú iná wa láìsí ẹ̀rọ ìdínánákù. Modchip ni wọn yóò dẹ́bi fún.

Ọ̀rọ̀ òfin náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, torí pé òun náà lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ọsirélíà dá Eddy Stevens láre nínú ẹjọ́ tí Sony pè é, wọ́n ní modchip tí ó tà kò bá àpèjúwe òfin ìgbà náà mu. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ibẹ̀ tún òfin náà ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ rán Gary Bowser lọ sí ẹ̀wọ̀n ogójì oṣù nítorí ipa tó kó nínú Team Xecuter, ẹgbẹ́ tó ta modchip Switch ti ọdún 2020. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ti ka ìtúdìí ààbò tí oníṣẹ́ fi sára iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ọjà ń wò bí àtúnṣe lásán ní ọdún 2003 ti wá di ohun tí ó yẹ kí a rò dáadáa lónìí.

Àwọn àgbà Ìdànrè mọ ohun tí ìgòkè ń béèrè. Àtẹ̀gùn tó lọ sórí òkè wọn lé ní ẹgbẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó ń fi eré sísá gùn ún dé òkè. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Àwọn tó pa lẹ́ẹ̀dì tì rò pé irin gbígbóná ni ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, wọ́n sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é. Ìtàn ọgbọ̀n ọdún ti fi hàn pé ìkánjú ni ó ń bà á jẹ́, àti pé kò sí ẹni tó tíì ṣe abẹ́rẹ́ tàbí síkúrù tí yóò gba ipò sùúrù. Kí olówò kékeré ní Atosin tàbí níbikíbi tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ó kọ́kọ́ bi í pé irú pánẹ́ẹ̀lì wo ni yóò tú, níbo sì ni mítà rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó má ṣe gba síkúrù-díráfà lé e lọ́wọ́.